Ráìsì Ṣazílì Pe Ará Ẹl-Kábù Wá Jẹun

Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ń yó èèyàn ni, gbogbo àwọn tó ń gbé etí odò Náílì, láti Ẹ́sínà títí dé Asúwáànì, ìbá ti sanra débi tí wọn ò ní lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé mọ́, nítorí Ráìsì Ṣazílì. Ahun ni ọkùnrin náà. Kì í ṣe ahun kékeré. Tó bá fẹ́ mu tíì, inú ife ẹlòmíì ló máa ń ki ṣíbí tirẹ̀ bọ̀ kó lè rí ṣúgà lá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ná. Ẹ óò rò pé ìyá tó bí i kò fún un lọ́mú rí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ àdúgbò wá pín in.

Ráìsì, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́kọ̀, ni: ọkọ̀ onígbòkun gígùn kan ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, tó fi ń gbé àwọn àlejò òkè òkun lọ wo tẹ́ńpìlì àti ibojì àwọn ará àtijọ́. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń rin ìrìn tí mọ́tò ń rìn ní wákàtí mẹ́ta. Atẹ́gùn ló ń tì wọ́n lọ, atẹ́gùn kì í sì í kánjú.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wà láàárín odò, níbi tí omi ti jìn tí ẹnikẹ́ni kò lè là á kọjá, Ṣazílì á gbé àwo oúnjẹ sókè, á kọjú sí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí létí odò, á wá fi gbogbo ọ̀fun ké pè é.

"Ẹ máa bọ̀, ẹ wá bá wa jẹun! Bí ẹ kò bá wá, kí ìyàwó mi di ẹni ìkọ̀sílẹ̀!"

Kò níyàwó. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà.

Kò sí ará etí odò tí kò mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ìpè ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ń pè é. Àgbẹ̀ tí wọ́n pè á gbé ọwọ́ lé àyà, á ní, "Ọlọ́run á bù sí i fún yín," á sì máa ro oko rẹ̀ lọ. Ẹni tó pè ti ṣe ọmọlúàbí, ẹni tí kò lọ náà ti ṣe ọmọlúàbí, oúnjẹ ò sì dín. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù ń fi ìwọ̀n ṣe é. Ní ti Ṣazílì, ládàánì kì í pèrun tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún yìí ni ìpè náà wá di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Opó kan tó ń jẹ́ Wahíbà wà ní Ẹl-Kábù, abúlé kan létí odò náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Abúdù-Bárì, ló ń ṣọ́ àwọn ibojì tó wà nínú òkè níbẹ̀. Ọkọ Wahíbà tó kú, ńṣe ló máa ń ti àpótí oúnjẹ, tó sì máa ń so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn sùn. Odindi ọdún mọ́kànlá ni kọ́kọ́rọ́ náà fi ń gún Wahíbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti wá búra pé òun kò ní bá kọ́kọ́rọ́ sùn mọ́ láyé òun. Ẹni tó bá máa fẹ́ òun, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ là. Ṣazílì ti ránṣẹ́ sí i, ó sì ti fèsì pé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tí ọkọ̀ bá dé, òun á sọ bóyá òun gbà tàbí òun ò gbà.

Ọjọ́bọ̀ náà pé. Ṣazílì wọ jalabíyà funfun tuntun, ó wé láwàní tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ó darí ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀ kí ohùn òun lè dé ilé opó náà.

"Ráìsì, omi ò jìn lápá ibẹ̀ o," ni Bisẹ́ntì, alásè ọkọ̀, sọ. "Iyanrìn ló wà lábẹ́ ẹ̀."

"Bisẹ́ntì, àlùbọ́sà ni kí o mójú tó. Mo ti ń wa ọkọ̀ lórí odò yìí kí wọ́n tó já ọ lẹ́nu ọmú."

Ó fi ọwọ́ kan di ìtọ́kọ̀ mú, ó fi ìkejì gbé àwo tí ìlàjì búrẹ́dì wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Ẹl-Kábù! Ẹ wá jẹun! Pẹ́pẹ́yẹ wà, àgbò wà, ẹyẹlé tí wọ́n ki ìrẹsì sí nínú wà! Bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ́kù sílé, kí ìyàwó mi di..."

Ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó dúró gbọnin. Búrẹ́dì fò bọ́ sómi.

Lórí ilẹ̀, Abúdù-Bárì gbé ọwọ́ síwájú orí, ó wò wọ́n dáadáa.

"Ráìsì, omi yẹn ò kọjá orúnkún, àbí?"

"Ó jìn gan-an ni, àna mi. Kànga ni."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹfọ̀n ẹnì kan rọra ń rìn kọjá láàárín ọkọ̀ àti ilẹ̀. Omi ò dé ikùn rẹ̀.

"À ń bọ̀," ni Abúdù-Bárì wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kí ẹni tí wọ́n pè kọ́kọ́ kọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò kọ̀, kódà lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ká jalabíyà sókè, wọ́n wọ omi. Àwọn tó ń ro oko wá. Àwọn tó wà nílé gbọ́, wọ́n gbé ọmọ kọ́rùn, wọ́n wá. Baba arúgbó kan tó ń jẹ́ Hamdáàn ní kí wọ́n gbé òun pọ̀n.

"Ráìsì, ẹ ti ń pè mí látọdún tí mo kọ́kọ́ gbin ìrèké," ni baba náà wí nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí ìrọ̀rí. "Mi ò jẹ àjẹyó mọ́ látìgbà náà. Ààyè tiyín ni mo ń dá sí."

Ṣazílì ń làágùn. "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn àlejò mi ò fẹ́ràn ariwo."

Àwọn àlejò òkè òkun jẹ́ mẹ́rin. Àgbà wọn, Màdáàmù Lísbẹ́tì, ti wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀méjìlá, ó sì gbọ́ èdè wọn yékéyéké. Ó ti ń to àga.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó," ló ń wí. "Ọjọ́ kejì rèé tí Ráìsì ti ń bẹ àwọn èèyàn. Mo rò pé wọ́n bá a jà ni wọn ò ṣe dá a lóhùn."

"Pákó ọkọ̀ yìí ti gbó," ni Ṣazílì tún wí. Èèyàn ogójì ti jókòó lórí ẹ̀.

Wọ́n ṣí ìkòkò Bisẹ́ntì. Pẹ́pẹ́yẹ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì dà bí ẹni tí ojú ń tì.

Ṣazílì na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ wò ó fúnra yín. Ká ní ó pọ̀ jù báyìí lọ ni, gbogbo rẹ̀ pátá lẹ ò bá jẹ. Bí oúnjẹ míì bá wà nínú ọkọ̀ yìí, kí ìyàwó mi di ẹni ìkọ̀sílẹ̀."

Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni Wahíbà ti ń gun ọkọ̀ bọ̀.

Imú Abúdù-Bárì ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá kékeré kan wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n fi àgádágodo tì í, fèrèsé rẹ̀ ò ju àwo ọbẹ̀ lọ.

"Kí ló wà nínú yàrá yìí, Ráìsì?"

"Okùn àti ọ̀dà."

"Ọ̀dà tó ń ta sánsán bí ẹyẹlé díndín?"

Dígí ńlá wà lábẹ́ apá Abúdù-Bárì. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ó máa ń dúró lẹ́nu ibojì, á fi dígí darí oòrùn wọ inú òkùnkùn, kí àwọn àlejò lè rí àwòrán ara ògiri. Ó gbé e, ó dẹ ẹ́ díẹ̀, oòrùn sì fi fèrèsé kékeré náà wọlé. Nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára fún ọgbọ̀n ọdún, ohùn rẹ̀ yí padà fúnra rẹ̀.

"Lápá ọ̀tún yín, ẹ óò rí agolo bọ́tà mẹ́jọ. Lápá òsì, oyin, dàbínù, àti wàràkàṣì inú ìkòkò mẹ́ta. Níwájú, ẹyẹlé méjìlá, wọ́n ti dín in, wọ́n fi aṣọ wé e bí òkú ọba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ògiri."

"Ibojì àkọ́kọ́ nìyí tí olè ò tíì wọ̀," ni Màdáàmù Lísbẹ́tì sọ, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Èmi rèé tó ń gbọ́ pé bọ́tà ti tán láti Ẹ́sínà," ni Bisẹ́ntì wí.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?" ni wọ́n bi Ṣazílì.

"Ó ti bọ́ sómi lóṣù tó kọjá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti nawọ́ síbi tó bọ́ sí hàn wọ́n. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yọ jáde lọ́rùn jalabíyà tuntun, ó ń mì dìrọ̀dìrọ̀ lórí okùn.

Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ni Wahíbà ń wò.

"Ráìsì," ló wí jẹ́jẹ́, "gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gba ibí kọjá tẹ́ ẹ fi ìyàwó búra lẹ máa ń kọ̀ mí sílẹ̀. Ẹ ò tíì fẹ́ mi, ẹ ti kọ̀ mí ní ìgbà méjìdínlógójì. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kà á."

Ṣazílì fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sì jẹun. Wọ́n jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti ń gbààwẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Olúkúlùkù tó bá bu òkèlè á yíjú sí Ṣazílì, á ní Ọlọ́run á bù sí i fún un. Ọrùn ẹyẹlé kan ló kàn án. Nígbà tí wọ́n yó, Abúdù-Bárì mú àwọn àlejò mẹ́rin gba inú omi lọ wo ibojì tó ń ṣọ́. Wọ́n rí àwòrán àsè ńlá kan lára ògiri, Màdáàmù Lísbẹ́tì sì ní ti inú ọkọ̀ dára jù ú lọ.

Lẹ́yìn náà, ogójì èèyàn tó ti yó fi èjìká ti ọkọ̀, ó kúrò lórí iyanrìn bí ewé. Atẹ́gùn gbá ìgbòkun, ó di àárín odò.

Ìgbà náà ni Ṣazílì rántí pé òun ò tíì gbọ́ èsì.

"Ìyáàfin Wahíbà," ló ké láti ìdí ọkọ̀, "ẹ ò tíì fún mi lésì o!"

Obìnrin náà dúró létí omi. Ó ká ọwọ́ mọ́ ẹnu.

"Ẹ máa bọ̀, Ráìsì! Ẹ wá jẹun nílé mi! Ẹran ti jinná, ààfáà ti jókòó, ẹ wá ká so yìgì lónìí! Bí ẹ kò bá wá, kí ọkọ mi kọ̀ mí sílẹ̀!"

Ṣazílì fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ ìtọ́kọ̀.

"Bisẹ́ntì, ká ìgbòkun, jẹ́ ká padà! Ó gbà!"

Bisẹ́ntì ń fọ ìkòkò, kò gbójú sókè.

"Ráìsì, báwo ni omi ibí yìí ṣe jìn sí?"

"Ó máa bo ilé alájà méjì. Kí ló dé?"

"Ẹ gbọ́wọ́ lé àyà," ni Bisẹ́ntì wí, "kẹ́ ẹ ní Ọlọ́run á bù sí i fún un."

Ṣazílì gbé ọwọ́ lé àyà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá òfìfo ló bá níbẹ̀.