Àmù Méje Níwájú Ìyá Ẹfúnwùmí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, ẹni tó rí àbùkù méje kì í fi ẹyọ kan dá ni padà? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Ní Òkè-Amọ̀, bí amọ̀kòkò bá kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbọ́dọ̀ mọ àmù kan tí olórí àwọn amọ̀kòkò yóò gbà kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ààyè ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò di ti ẹlòmíràn. Ìyá Àwẹ̀ró kú nígbà ọyẹ́. Àwẹ̀ró nu ojú, ó po amọ̀.

Ìyá Ẹfúnwùmí, olórí wọn, ń gbé lórí òkè. Àṣà wọn ni pé àbùkù kan ṣoṣo ni àgbà ń sọ lórí àmù kan, kó má baà dà bí èébú. Àwẹ̀ró ru àmù àkọ́kọ́ lọ. Ìyá ní ẹnu rẹ̀ wọ́. Ó padà, ó mọ òmíràn, ó sá a, ó sun ún, ó tún gùnkè. Ìyá ní ìdí rẹ̀ fúyẹ́.

“Ìyá, ṣé ìdí ti àkọ́kọ́ náà fúyẹ́?”

“Ó fúyẹ́.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi.”

“Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mò ń sọ nígbà yẹn.”

Ẹ̀kẹta, ọrùn ga jù. Òjò sì ti ń ṣú. Iye ìgbà tó tún lè sun ìkòkò kí òjò tó dé kò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ mọ́.

Àwẹ̀ró jókòó ti amọ̀, ó ronú títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó mọ àmù méje tó jọra, kí àbùkù ọ̀kan lè jẹ́ ti gbogbo wọn, ó sun wọ́n pọ̀, ó bẹ àwọn aládùúgbò kí wọ́n bá òun rù wọ́n. Ọdẹ́gbàmí ọkọ rẹ̀ rí wọn lókèèrè, ó rò pé ìyàwó òun ń kó ẹrù jáde nílé ni. Ó sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń bẹ̀bẹ̀. Kí wọ́n tó dé ìdajì òkè, ó ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Òun nìkan ló ka àbùkù ara rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní gbogbo ọdún náà.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. “Ìyá, àmù méje rèé. Ẹ sọ àbùkù ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

Àṣà ti so ìyá mọ́lẹ̀. Ó ní ikùn àkọ́kọ́ wó sápá kan, yanrìn pọ̀ nínú èkejì. Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ. Ìgbà tó dé èkeje, ó wá àbùkù tì, ó ní ẹni tó rù ú ń mí hẹlẹ jù.

Àwẹ̀ró lọ mọ ẹyọ kan. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ nínú iná ni ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ lé e. Àmù náà kò sán. Kí òjò tó rọ̀ gan-an, Ìyá fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá, ó yí i ká, kò rí àbùkù kankan.

“Mẹ́sàn-án ni ìyá rẹ kó wá bá mi nígbà tirẹ̀,” ló wí. “Ìwọ kó méje. Bọ́ sí ààyè rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà mi ò tún gba ìkòkò ilé yín mọ́. Láti òní lọ, màá máa sọ gbogbo àbùkù tán lẹ́ẹ̀kan náà.”

Àwẹ̀ró nàró ṣánṣán ní ààyè ìyá rẹ̀. Ọdẹ́gbàmí ni kò rí ibi dúró sí, nítorí wọ́n ṣì ń bi í nípa ẹ̀ṣẹ̀ kẹta.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé, ẹni tó rí àbùkù méje kì í fi ẹyọ kan dá ni padà.