Ó Sùn fún Ọdún Méje, Kò Sí Akọ̀wé

Lọ́dún 1980, ọ̀sán Ẹtì kan, Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè, olùkọ́ lítíréṣọ̀ tó ti Àkúrẹ́ wá sí Ìdànrè, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ibi tó ti wá, jókòó ti òkìtì ìwé ìdánwò. Túnráyọ̀, ọmọ ìjọ Aládùúrà, dúró níwájú rẹ̀. Máàkì mẹ́rìndínlógójì ló gbà. Bí kò bá pé ogójì, yóò tún kíláàsì ṣe.

ADÉGÒKÈ: Sọ ìtàn tí mo ní kí ẹ kà.

TÚNRÁYỌ̀: Ọmọbìnrin kan ló mu omi nínú ife fàdákà, sà, ló bá sùn lókè ilé gogoro fún ọdún méje. Ọmọ ọba ló wá jí i.

ADÉGÒKÈ: Ó dáa. Mo ní kí kálukú kọ èrò ọkàn rẹ̀. Ka tìrẹ.

TÚNRÁYỌ̀ (ó ń kà á bí ẹni ń ka ìfilọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì): "Ìtàn yìí dùn mí gan-an. Odidi ọdún méje ni ọmọ yìí fi wà nínú ẹ̀mí, wọn ò wá akọ̀wé tì í."

ADÉGÒKÈ: Akọ̀wé wo?

TÚNRÁYỌ̀: Akọ̀wé ìran, sà. Ní ìjọ wa, tí ẹ̀mí bá gbé èèyàn ṣubú, akọ̀wé á mú bírò, á jókòó tì í, á máa kọ ohun tó bá sọ. Èmi ni akọ̀wé àwọn ọ̀dọ́.

ADÉGÒKÈ: Oorun ni ọmọ yìí sùn!

TÚNRÁYỌ̀: Ṣé ọmọ Kátólíìkì ni, sà, tí ẹ̀mí kì í gbé ṣubú?

ADÉGÒKÈ: Inú ìwé ló wà!

TÚNRÁYỌ̀: Oorun wo ló ń gba ọdún méje, sà? Ìyá mi ní ẹni tó bá sùn kọjá aago mẹ́fà àárọ̀, tí kì í bá ṣe ẹ̀mí, ọ̀lẹ ni. Mi ò fẹ́ pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀lẹ.

ADÉGÒKÈ (ó nu ojú): Ọmọ ọba tó gun igba àtẹ̀gùn nítorí ìfẹ́ ńkọ́? O ò yìn ín rárá.

TÚNRÁYỌ̀: Ó wà lójú ìwé kejì, sà. "Igba àtẹ̀gùn péré, ọmọ ọba ti ń mí hẹlẹ. Nígbà tí ìyá mi àgbà ṣì ń gbé lórí òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn tiwọn lé ní ẹgbẹ̀ta. Wọ́n ń gùn ún tẹrù tẹrù, bàbá mi tún wà lẹ́yìn wọn. Kò sẹ́ni tó kọ ìwé nípa wọn."

(Adégòkè wo ojú fèrèsé, ó rí òkè náà, ó yára gbójú kúrò.)

ADÉGÒKÈ: Ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ mi ni pé ìfẹ́ ló jí i. Mẹ́rìndínlógójì náà ni.

TÚNRÁYỌ̀: Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bàbá mi ní tí mo bá tún kíláàsì yìí ṣe, oko wa ní Atosin ni mò ń lọ, kí n lọ máa fọ́ kòkó. Mo fẹ́ràn ìwé, sà. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an ni mo kọ.

ADÉGÒKÈ: Ẹni tó ń sùn kì í sọ ohun tó ṣeé kọ sílẹ̀. Mú ẹ̀rí wá, mo fún ọ ní máàkì mẹ́rin lójú ẹsẹ̀.

(Túnráyọ̀ ṣí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀.)

TÚNRÁYỌ̀: "Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán. Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè, lórí tábìlì, nínú kíláàsì."

ADÉGÒKÈ: Kí nìyẹn?

TÚNRÁYỌ̀: Tàná ni, sà. Mo rò pé ẹ̀mí ni. "Ó ní: Bernadette, má lọ. Ó ní: ọdún kan rèé tí mo ti fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó hanrun díẹ̀. Ó ní: bọ̀ọ̀lì méjì, kí o fẹ̀pà sí i."

(Adégòkè dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fagi lé mẹ́rìndínlógójì, ó kọ ogójì gàdàgbà.)

ADÉGÒKÈ: O ti yege. Mú ìwé yẹn wá. Mísì Bernadette tó ń kọ́ yín ní oúnjẹ sísè kò gbọ́dọ̀ gbọ́.

TÚNRÁYỌ̀: Ẹ ṣé, sà! Ṣùgbọ́n ní ìjọ wa, akọ̀wé ò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ìran sùn. Ẹni tí wọ́n dárúkọ nínú ìran gbọ́dọ̀ gbà á kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo ti fún Mísì lánàá.

(Adégòkè rọra jókòó.)

ADÉGÒKÈ: Kí... kí ni wọ́n wí?

TÚNRÁYỌ̀: Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, sà. Wọ́n ní ti bọ̀ọ̀lì ò ṣòro. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kù, àwọn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ti jí.