Gbogbo Wa Jọ Tíṣà Adégbìtẹ́

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí gbogbo ẹni tí ẹ bá yà fi ń jọ yín?"

Èmi ni mo bi Tíṣà Adégbìtẹ́ bẹ́ẹ̀, ní kíláàsì kejì ilé-ẹ̀kọ́ girama, ní Ọ̀sì. Ká sọ tòótọ́, bàtà rẹ̀ ni mo bi, nítorí ibẹ̀ ni ojú mi wà. Ohùn mi kéré débi pé Princess tó jókòó tì mí rò pé mo sín ni. Ṣùgbọ́n Tíṣà gbọ́.

"Ìyìnolúwa," ó ní, "ìbéèrè yẹn ga ju orí rẹ lọ. Jókòó, kí o parí àga tí ò ń yà."

Ewúrẹ́ ni mo ń yà.

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Ìlọ́fà, pátákó Tíṣà ni yóò kí yín kí Ọ̀sì tó kí yín: ADÉGBÌTẸ́ ỌLỌ́NÀ MÉJE. Ayàwòrán, agbẹ́gilére, akọ-pátákó, amọ̀kòkò, akọrin, olùkọ́. Mẹ́fà nìyẹn. Pátákó tán kí ó tó dé ìkeje, kò sì sí ẹni tó láyà láti béèrè.

Bó bá wọ kíláàsì, a ó dìde, a ó kí i bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ wa: "Afọ̀dàsọ̀rọ̀, a kí yín o! Amú-ògiri-rẹ́rìn-ín, a kí yín o!" Èmi náà ń kí i. Ohùn kò jáde, ṣùgbọ́n mo la ẹnu dáadáa.

Ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ya àwọn àpọ́sítélì sí. Gbogbo wọn ló ní imú gbọọrọ rẹ̀, èjí rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀ ṣóńṣó. Júdásì nìkan ló yàtọ̀. Òun jọ tíṣà ìṣirò, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jà lójoojúmọ́.

Àwa ńkọ́? A kí i kú iṣẹ́. A ní ta ló rí Pétérù rí, tí yóò sọ pé Pétérù kò ní èjí? Ọlọ́gbọ́n ni wá ní Ọ̀sì.

Wàhálà dé nígbà tí Màmá Keziah kú, nítorí òun, gbogbo wa la rí i rí.

Àgbẹ̀ oníṣu ni màmá náà, òun sì ni ìyá ìjọ wa. Bí o bá gbé fóònù sókè láti yà á, á ti fi ìborùn bojú. Fọ́tò kan ṣoṣo tó ní, ti orí káàdì ìdìbò, omi òjò ti fọ̀ ọ́ di ìkùukùu. Ọmọ́bọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, dé láti Abújà pẹ̀lú oyún, ó sì kúnlẹ̀ fún Tíṣà níwájú wa.

"Tíṣà, ọmọ tó wà nínú mi kò ní bá màmá mi láyé. Ẹ bá mi ya ojú rẹ̀, kí n rí nǹkan fi hàn án."

"Dìde, Ọmọ́bọ́lá! Ta lò ń bẹ̀? Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí ni mo ti ń jókòó sẹ́yìn màmá rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ ọ́n ju bó ti mọ ara rẹ̀ lọ!"

"Ṣé kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ díẹ̀ fún yín, sà?"

"Àpèjúwe kẹ̀! Ta ní í ṣàpèjúwe omi fún ẹja?"

A pàtẹ́wọ́ fún ẹja.

Ó ya àwòrán náà, ó sì fi aṣọ bò ó. Bí a bá fẹ́ yọjú, á ní, "Ọnà ńlá kì í rìn ní ìhòòhò." Ó ní ọjọ́ ìdúpẹ́ la ó rí i. Ó wá yàn mí láti ṣí i. Ó ní ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ kò lè gba ògo mọ́ òun lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ ìlú tó wá láti Èkó àti Ìlọrin kún ṣọ́ọ̀ṣì dẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà wọ agbádá funfun tó mọ̀ọ́mọ̀ ta ọ̀dà sí létí, ká má baà rò pé bàbá lásán ni. Ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀yin ará Ọ̀sì! Lónìí ni ẹ ó mọ̀ pé ikú kò lágbára lórí ọ̀dà! Ìyìnolúwa, fà á!"

Mo fà á.

Gèlè náà, gèlè Màmá Keziah gan-an ni, bó ṣe máa ń wé e, tí apá òsì ga ju ọ̀tún lọ. Ìborùn náà, tirẹ̀ ni. Láàárín méjèèjì, Tíṣà Adégbìtẹ́ ń rẹ́rìn-ín sí wa pẹ̀lú èjí rẹ̀. Irùngbọ̀n nìkan ló fá.

Ìyá Lábọ̀dé, ọ̀rẹ́ olóògbé, ló kọ́kọ́ ríran dáadáa.

"Ẹ dákun, ṣé Tíṣà ló kú ni?"

Ẹ̀rín bú! Àlùfáà fi ìwé orin bojú, ìwé náà ń gbọ̀n. Láti ẹ̀yìn, ẹnìkan kígbe, "Ọmọ́bọ́lá, kúnlẹ̀ kí màmá rẹ!" Princess ń rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọmọ́bọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ síwájú, ó fi ọwọ́ kan gèlè inú àwòrán náà, ó sì yíjú padà.

"Tíṣà, níbo lẹ gbé màmá mi sí?"

Ọlọ́nà méje la ẹnu. Ohùn kò jáde. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ lọ, ó ń fi agbádá gbálẹ̀. Èmi sì dúró síwájú gbogbo ìlú, mo di aṣọ mú bí ọ̀págun, nítorí kò sí ẹni tó ní kí n gbé e sílẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Èmi náà ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ọnà báyìí, ewúrẹ́ mi sì ti ń sún mọ́ ewúrẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní Kérésì tó kọjá, mo yà kí Tíṣà. Ọmọ́bọ́lá ti mú ọmọ rẹ̀ wá sílé. Tolúlọpẹ́ lórúkọ ọmọ náà, gbogbo àgbà ìlú ló sì ń pariwo pé Màmá Keziah ló gbé ojú rẹ̀ fún un. Mo bá ọmọ náà lórí àpótí níwájú Tíṣà. Ọmọ Abújà ni, ó ń wo bàbá náà lójú kòròkòrò. Tíṣà náà ń wò ó, ó ń yà, ó ń bi Ìyá Lábọ̀dé pé, "Ṣé báyìí ni ìpéǹpéjú olóògbé rí?" Ìyá náà ní, "Ó kù díẹ̀. Má kánjú, wò ó dáadáa."

Nígbà tí Tíṣà rí mi, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Ìyìnolúwa, o bi mí ní nǹkan kan nígbà kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá wo àgbà lójú, ìgbátí ni. Mo dàgbà, mo di ọlọ́nà, etí mi kò gbàgbé. Mo mọ gèlè gbogbo ìyá ìlú yìí, mo mọ fìlà gbogbo bàbá. Ojú àgbà kan ṣoṣo tí mo wò rí tí kò gbá mi létí, inú dígí ló wà."