Itan Màlúù Tó Yan Ọ̀nà fún Ilé Onítáyà

Ẹjọ́ kan wọ́ dé iwájú Kgosi Letsholo, baálẹ̀ abúlé Motlhabeng, lánàá, tòun ti yanrìn lẹ́sẹ̀. Ìyàwó ló pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ilé onítáyà tí wọ́n so mọ́ ìdí mọ́tò wọn dúró lẹ́yìn ìgbìmọ̀, eruku ti bo gbogbo fèrèsé rẹ̀. Mma-Tefo, ìyẹn Ìyá Tefo, ni ìyàwó náà. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá rẹ̀ tó wà ní ìlú Maun máa pé ọgọ́rin ọdún, ibí ni wọ́n sì há sí.

"Kgosi, kí a tó kúrò ní Lobatse ni mo ti kọ ọ̀nà sínú ìwé. Títì ọlọ́dà títí dé Maun, ilé epo tó fẹ̀, ibi tí a ti lè yí po láìfi ẹ̀yìn rìn. Torí tí ọkọ mi yìí bá ń fi ẹ̀yìn rìn, òun á lọ sọ́tùn-ún, ilé á lọ sósì."

"Má purọ́ mọ́ mi," ọkọ rẹ̀, Rra-Tefo, ní. "Ilé yẹn ló lágídí."

"Mo kàn tòògbé díẹ̀, ó ti yà sínú aginjù!"

Kgosi kọjú sí ọkọ. "Rra, kí ló dé?"

"Ẹran ni, Kgosi. Itan màlúù tútù wà nínú fìríìjì ilé náà. Tí mo bá gba títì, wọ́n á gbà á lẹ́nu ibodè tí wọ́n ti ń ṣọ́ àrùn màlúù."

"Mo ní ká sè é!" Mma-Tefo figbe ta. "Ẹran sísè ń kọjá!"

"Tí a bá sè é, báwo ni ìyá rẹ á ṣe rí ọ̀rá rẹ̀? Kgosi, lọ́jọ́ tí mo kó màlúù ìdána lọ, màmá wo màlúù mẹ́jọ, wọ́n ní àwọn rí egungun, àwọn ò rí màlúù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé! Mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí ọ̀rá."

Àwọn ìgbìmọ̀ mi orí. Kò sẹ́ni tí kò ní àna nínú wọn.

Wọ́n pe Keakile, bàbá tó júwe ọ̀nà aginjù náà fún Rra-Tefo.

"Ọ̀nà náà dáa, gbọọrọ báyìí ni."

"Kí lẹ fi ń gbà á?" Kgosi bi í.

"Ẹsẹ̀ mi."

"Yanrìn ibẹ̀ ńkọ́?"

"Ó bi mí ní ọ̀nà, kò bi mí ní yanrìn."

Seitei tó ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fò dìde. "Ọ̀nà wo? Yanrìn dé orúnkún! Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́jọ ni mo fi fà wọ́n yọ. Ọ̀kan ṣì ń bá mi bínú."

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ ló ya ọ̀lẹ," Keakile dáhùn.

Kgosi gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ gbọ́. Ẹni tó mọ ọ̀nà ni kó wa mọ́tò. Mma-Tefo, gba kọ́kọ́rọ́. Rra, o ò gbọdọ̀ lanu pé 'yà síbí' títí dé Maun. Ẹ gbé ìkòkò kaná. Àwa á jẹ ìdajì ẹran, màmá á jẹ ìdajì."

"Ọ̀rá ńkọ́, Kgosi?" Rra-Tefo béèrè.

"Akọ̀wé, kọ ọ́: 'Màmá, àwa ìgbìmọ̀ Motlhabeng fojú rí ọ̀rá, ó nípọn tó àtàǹpàkò méjì.' Ṣùgbọ́n má tíì lu òǹtẹ̀. A kì í jẹ́rìí sí ohun tí a ò tọ́ wò."

Nígbà tí wọ́n jẹ tán, wọ́n lu òǹtẹ̀. Mma-Tefo gba ìwé náà, ó kà á, ó dá a padà fún akọ̀wé.

"Ẹ fi kún un," ó ní, "pé ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ sin màlúù náà dàgbà."