Ọ̀gá Tí Kì Í Wọ Kíṣìnnì

Bí ẹ bá pàdé Ọlámúyìwá nígboro Ọ̀wọ̀, ẹ má bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lórí ìdúró. Ó kọ́ ilé oúnjẹ kan sọ́nà Políì, ó kùn ún ní pupa fòò, ó gba mánéjà, kò sì yọjú síbẹ̀ mọ́. Orí fóònù ló ti ń ṣe ọ̀gá.

“Kíṣìnnì kẹ̀? Èmi?” Ẹ̀rín á gbẹ̀mí ẹ̀. “Ọ̀gá kì í wà ní kíṣìnnì kọ́bẹ̀ ó dùn! Wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Òótọ́ ni. Ojú olójú ríran jù!”

Ó wá fẹ́ fẹ́ Adéfúnkẹ́, nọ́ọ̀sì kan báyìí. Bàbá ọmọ, Bàbá Oyèlárán, àgbẹ̀ oníṣu ní Ìdógùn, ní òun fẹ́ rí ọkọ ìyàwó. Ẹlòmíì ì bá gbéra lọ kí wọn. Ọlámúyìwá rán mọ́tò lọ gbé wọn wá ni!

“Bàbá, bí ẹ bá jẹun nílé oúnjẹ mi, ẹ ó gbàgbé orúkọ yín!”

Bí wọ́n ti dé ilé oúnjẹ náà, Ọlámúyìwá fa agbádá wọlé, ó dorí kọ àga ńlá tó wà lábẹ́ fáànù. Glory, ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ, ń jẹ ẹ̀pà.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ má jókòó síbẹ̀ o. Ẹsẹ̀ àga yẹn ti kán.”

“Ṣé o mọ̀ mí?”

Glory wò ó tòkè-tilẹ̀. “Ṣé ẹ̀yin lẹ wá tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ni, sà? Ó pẹ́ tá a ti ń retí yín.”

Ọlámúyìwá fìbínú jókòó. Gbàà! Bàbá ló fà á dìde nílẹ̀.

“Gbé iyán wá!” ló ń sọ, tó ń gbọn eruku nù.

“Iyán ti tán.”

“Ìrẹsì ńkọ́?”

“Ó wà, àmọ́ tàná ni.”

“Ẹran ọ̀yà tá a kọ sára pátákó ìta ńkọ́?”

“Ara pátákó náà ló wà, sà.”

“Ta ló ni ibí yìí gan-an?” Ó lérò pé ojú á ti ọmọ náà.

Glory rẹ ohùn sílẹ̀. “Olówó kan ni. Wọ́n ní ó ti kú.”

“Ó mà ṣe o!” Bàbá ṣí fìlà. “Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.”

“Àmín. Èèyàn dáadáa ni, kì í yọ wá lẹ́nu.”

“Èmi ni! Èmi ni mo ni ín! N kò kú!”

“Gbogbo ẹni tó fẹ́ jẹun ọ̀fẹ́ níbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀,” ni Glory wí. Ó wá yíjú sí Bàbá. “Bébi bá ń pa yín, Bàbá, ẹ sọdá títì lọ sí búkà Àǹtí Veronica. Ibẹ̀ làwa náà ti ń jẹun.”

Wọ́n sọdá. Kí ni wọn ì bá ṣe? Àǹtí Veronica, tó ni búkà náà, fọwọ́ ara rẹ̀ gúnyán, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Òun náà ló bomi ìfọwọ́ wá. “Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ṣé ata rẹ̀ ò pọ̀ jù? Ẹ jẹ́ n fi ẹran kún un fún yín.” Bàbá jẹun títí ó fi tú okùn ṣòkòtò.

Nígbà tí Bàbá fọwọ́ tán, ó ní, “Ọlámúyìwá, ọmọ dáadáa ni ọ́. Ìbéèrè kan ló kù.”

“Ẹ bi mí, Bàbá.”

“Bí mo bá fún ọ ní Adéfúnkẹ́, ta lo máa gbà síṣẹ́ tí á máa bá ọ fẹ́ ẹ?”