Iṣẹ́ Parí Lórí Ẹ̀rọ

Ọ́fíìsì Àlàájà Wúlẹ̀mọ̀tù nìyí ní Makun, Ṣàgámù, níbi táwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe áàpù orí fóònù fún ẹni tó bá fẹ́. Níyì, ọ̀mọ̀ràn kọ̀ǹpútà tó gbà síṣẹ́ láìpẹ́, jókòó níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

ÀLÀÁJÀ: Níyì, àwọn àgbẹ̀ Akaka ń bọ̀ wá gba áàpù tí wọn ó máa fi pe mọ́tò tó ń kó ẹ̀gẹ́ wọn. Ó ti parí, àbí?

NÍYÌ: Ẹ wo kọ̀ǹpútà yín, mà. Mo ti so ibi táwọn òṣìṣẹ́ ń kọ iṣẹ́ wọn sí pọ̀ mọ́ ibi tí ẹ̀yin ti ń ṣọ́ wọn. Gbogbo iṣẹ́ ló ń ṣàn wá bá yín báyìí.

ÀLÀÁJÀ: Ìṣẹ́ ń ṣàn wá bá mi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

NÍYÌ: Iṣẹ́, mà. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń sáré.

ÀLÀÁJÀ: Sàréè ta ni?

NÍYÌ: Sáré, mà. Eré sísá la ń pe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì.

ÀLÀÁJÀ: Àwọn tí kì í dìde lórí àga?

(Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.)

ÀLÀÁJÀ: Òun náà nìyí. "Ó ti parí." Ohun tí mo rí lánàá nìyẹn tí mo fi ránṣẹ́ sí Akaka. Ó yá, ṣí áàpù ọ̀hún kí n rí i.

NÍYÌ: Èwo, mà?

ÀLÀÁJÀ: Èyí tó parí.

NÍYÌ: Háà, ìyẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé lórí ẹ̀ ló parí. Níbi tàwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n bá ti ṣèpàdé tán, wọ́n á kọ "ó ti parí". Níbi tiyín, "ó ti parí" túmọ̀ sí pé kí oníbàárà wá gbé e.

ÀLÀÁJÀ: O sì so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀?

NÍYÌ: Wọ́n so pọ̀ dáadáa, mà. Kò síbi tó já.

(Fóònù Àlàájà dún. Ó tẹ́tí sí i, ó rọra gbé e kalẹ̀.)

ÀLÀÁJÀ: Alága wọn ni. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ ni wọ́n gbà gbọ́ tí wọ́n fi hú ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo oko wọn. Wọ́n ti dé ẹnu géètì.

NÍYÌ: Ẹ̀gẹ́ á bàjẹ́ nìyẹn, mà.

ÀLÀÁJÀ: Kò ní bàjẹ́. (Ó mú ìborùn rẹ̀.) Èmi á gba ẹ̀yìn jáde, kí n lọ wá mọ́tò fún wọn ní gáréèjì. Ìwọ gba iwájú, lọ bá wọn.

NÍYÌ: Kí ni kí n sọ fún wọn, mà?

ÀLÀÁJÀ: Ohun tó o sọ fún mi lọ́jọ́ tó o wá tọrọ iṣẹ́. Ìkankan ò yé mi níbẹ̀, síbẹ̀ mo gbà ẹ́ síṣẹ́.