Ọjọ́ Tí Mákindé Sọ Òkúta Lórúkọ

Bí ẹ kò bá tíì mọ Mákindé, ẹ má dààmú. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n-tí-yunifásítì-ò-mọ̀. Àgbà àdúgbò Berea. Ọkọ Bùkọ́lá. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta fóònù kò ju àpótí lọ, ṣùgbọ́n pátákó orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ojú pópó.

Ní 2010, tí gbogbo ayé ń múra àtiwá wo bọ́ọ̀lù ní South Africa, Mákindé ń múra àtidi alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ní Jo'burg. Àlhájì Tesleem ló wà lórí àga. Èèyàn jẹ́jẹ́. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀.

Ọlọ́run kò sùn. Wọ́n ń tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ láti aṣálẹ̀ Karoo sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, irú èyí tó máa ń ṣí ní ìpele-ìpele bí ojú ìwé. Ọ̀kan là. Nínú rẹ̀: nǹkan dúdú kan tó ń dán, kò ju èékánná lọ. Mákindé wò ó títí. Eyín ni. Eyín ọba ẹranko àtijọ́, ó kéré tán. Ó ti gbọ́ pé wọ́n máa ń fi orúkọ ẹni tó rí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ pè é. Ta ni yóò bá ẹni tí ẹranko ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ du àga?

Ẹni tó ní eyín ló ń jẹ egungun. Ẹni tó rí eyín ló ń jẹ oyè. Òwe Mákindé nìyẹn.

Bùkọ́lá ní kó kọ́kọ́ fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó ní kí Bùkọ́lá lọ ra oyin.

“Ìkómọ la máa ṣe fún un.”

Ní Sátidé, gbọ̀ngán kan ní Newtown kún. Ó ti pe Magdalene, obìnrin tó ń yẹ egungun àtijọ́ wò ní mùsíọ́mù kan, kó wá jẹ́rìí. Táksì dá a dúró. Mákindé kò dúró dè é. Ó ri òkúta náà bọ inú abọ́ oyin, kí ọlá rẹ̀ lè kan gbogbo ilé. Ó gbé e jáde, ó lá a. Ó dijú.

“Ó dùn,” ó ní. “Ẹ tọ́ ọlá wò.”

Abọ́ gbéra. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ Àlhájì Tesleem, ẹni àkọ́kọ́, nígbà tí Magdalene wọlé. Ó gba òkúta, ó nù ún, ó fi dígí ńlá wò ó. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó sọ̀rọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bùkọ́lá túmọ̀ rẹ̀, kò fi iyọ̀ sí i.

“Ó ní kì í ṣe eyín. Ó ní ìpẹ́ ẹja wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹja ńlá kan ni, tó ti di òkúta.”

Àlhájì Tesleem rọra gbé abọ́ oyin sílẹ̀.

“Eish,” ó ní. “Mákindé, ìwọ nìkan lo ti tọ́ ọ wò. Báwo ni?”

Ẹ̀rín bú. Àánú ṣe Magdalene. Ó ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, mùsíọ́mù yóò gbà á tayọ̀tayọ̀, wọn yóò sì kọ orúkọ ẹni tó rí i sára rẹ̀ títí láé. Bùkọ́lá túmọ̀ ìyẹn náà. Kò sẹ́ni tí kò na ọwọ́ sókè láti fara mọ́ ọn.

Mákindé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àlhájì Tesleem.

“Alága wa,” ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, “orúkọ yín ló yẹ ẹ́.”